Bí ẹ ṣe lè yan ẹ̀dà "Malaika" tí yóò jẹ́ tiyín

Orin ìfẹ́ kan wà tó jẹ́ pé olórin tó ti kọ ọ́ kò lóǹkà, síbẹ̀ tí wọn kò tíì yé kọ ọ́. Malaika ni. Ìlà-oòrùn Áfíríkà ló ti gbéra, ó dé New York, ó dé Swídìn, ó dé Jámánì, ọmọ Orílẹ̀-èdè Benin kan náà sì fi ohùn tirẹ̀ sí i. Ẹni tó bá wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lónìí yóò rí ẹ̀dà tó pọ̀ débi pé kò ní mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ tẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á mú èyí tó wà lókè pátápátá, wọ́n á gbọ́ ọ dé ìdajì, wọ́n á ní àwọn ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó fẹ́ jókòó ti orin náà ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí, ẹni tó fẹ́ mú ẹ̀dà kan tó lè pè ní tòun, kó sì lè sọ ìdí tó fi jẹ́ pé òun ló mú.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ èrò mi síwájú. Ẹ̀dà tó dára jù kì í ṣe èyí tí ohùn olórin rẹ̀ dùn jù. Òun ni èyí tó jẹ́ pé, tí olórin bá dé ibi tí ọmọkùnrin náà ti ní òun kò lówó, ẹ ó gbà á gbọ́. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó ń bọ̀ yìí, orí èyí ló dúró lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tí orin náà ń sọ

Èdè Swahili ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò sì pọ̀ rárá. Ọmọkùnrin kan ń bá ọmọbìnrin tó fẹ́ràn sọ̀rọ̀. Ó pè é ní áńgẹ́lì. Àwọn Mùsùlùmí inú wa kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ àkọlé náà fún wọn. Ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀, ó wá béèrè pé kí ni kí òun ṣe. Ìbá gbé e níyàwó, àmọ́ kò ní ohun ìní tí yóò fi gbé e. Ní ẹsẹ mìíràn, ó ní ọ̀rọ̀ owó ló ń da ọkàn òun láàmú. Ní òmíràn ẹ̀wẹ̀, ó pe ọmọbìnrin náà ní ẹyẹ kékeré, ó ní òun kò yé ronú rẹ̀. Lẹ́yìn ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, ibì kan náà ló ń padà sí: kò sí owó, ìbá sì fẹ́ ẹ. Ibẹ̀ lorin parí sí. Ọmọbìnrin náà kò dáhùn, ẹnikẹ́ni kò sì mú owó wá.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń gba owó orí tí wọ́n sì ń dá a padà lójú agbo, tí wọ́n á ní àwọn kò ta ọmọ àwọn. Nítorí náà, ìlà tó sọ̀rọ̀ owó nínú Malaika lè gba ẹ̀gbẹ́ etí wa kọjá. Ní Kẹ́ńyà àti Tànsáníà, ohun tí ọkọ ń mú wá, tí wọ́n ń pè ní mahari, lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ màlúù, ọwọ́ gidi ni wọ́n sì fi ń mú un. Ọmọkùnrin tí kò ní in lè dúró máa wo ẹni tó fẹ́ràn bó ṣe ń wọlé ọkọ mìíràn. Ohun tó wà nínú orin náà nìyẹn.

Wọ́n máa ń lù ú níbi ìgbéyàwó, tí tọkọtaya yóò máa jó sí i, tí inú gbogbo èèyàn yóò máa dùn. N kò bá wọn jà, torí ohùn orin náà dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ yan ẹ̀dà kò gbọdọ̀ fi inú dídùn ìgbéyàwó wọn orin náà. Ẹ wá ìtumọ̀ rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ kókó ẹsẹ kọ̀ọ̀kan sórí ìwé ní Yorùbá. Ìwé yẹn ni yóò wà níwájú yín nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ ọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi ìjà ẹni tó ni orin sẹ́gbẹ̀ẹ́

Olórin Kẹ́ńyà tó ń jẹ́ Fadhili William, pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, Jambo Boys, ló kọ́kọ́ gbé orin náà sórí àwo, ní nǹkan bí ọdún 1960. Ní 1963, ó tún un gbà sílẹ̀ ní Nairobi fún ilé iṣẹ́ orin Equator tí Charles Worrod ń darí. Ọdún yẹn náà ni Kẹ́ńyà gba òmìnira. Ṣùgbọ́n Adam Salim láti Tànsáníà sọ pé òun lòun dá orin náà sílẹ̀ ní 1945, lórí ọmọbìnrin kan tí àwọn òbí kò jẹ́ kí òun fẹ́. Fadhili William ní tòun ni títí ó fi kú ní 2001, àwọn mìíràn náà sì wà tí wọ́n ń du ú.

Ó dára kí ẹ mọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ẹ má fi yan ẹ̀dà. Àwọn kan gbà pé èyí tó kọ́kọ́ jáde ló tọ̀nà, pé ẹ̀dà tó kù kàn ń fara wé e ni. Orin kì í ṣe ilẹ̀ tí a ń wá ẹni tó kọ́kọ́ dó síbẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ lẹ́yìn ogún ọdún lè rí ohun tí ẹni àkọ́kọ́ kò rí nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kó àwọn ẹ̀dà jọ

Tí ẹ bá tẹ "Malaika" nìkan ní Nàìjíríà, orin fújì ni yóò bo ojú fóònù yín, torí Súlè Àlàó Malaika lórúkọ tiẹ̀ nílẹ̀ yìí, ó sì tọ́ sí i. Nítorí náà, ẹ fi orúkọ olórin kún un nígbà gbogbo. Ẹ tún wo orúkọ àwo àti ọdún tó jáde, torí àwọn tó ń gbé orin sórí YouTube máa ń kọ orúkọ olórin kan sórí orin ẹlòmíràn, pàápàá tó bá jẹ́ obìnrin ló kọ ọ́. Gbogbo wọn ni wọ́n ń fún Miriam Makeba, olórin Gúúsù Áfíríkà.

Ẹ má kó ju mẹ́fà lọ. Etí máa ń rẹ̀, tó bá sì ti rẹ̀, gbogbo ẹ̀dà á di ọ̀kan náà. Èyí tí mo bá yín mú rèé: Fadhili William ti 1963, Harry Belafonte, olórin Amẹ́ríkà, àti Miriam Makeba nínú àwo tí wọ́n jọ ṣe ní 1965, níbi tí wọ́n ti kọ "My Angel" mọ́ àkọlé orin náà, Makeba nìkan lórí ìtàgé, èyíkéyìí nínú àwọn fídíò rẹ̀ tí ohùn rẹ̀ bá mọ́, Hep Stars láti Swídìn, 1967, Boney M., 1981, àti Angelique Kidjo nínú àwo Logozo, 1991.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ tún ibi tí ẹ ó ti gbọ́ ọ ṣe

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń tan ara wọn jẹ láìmọ̀. Tí orin méjì bá ń kọ tẹ̀lé ara wọn, tí ọ̀kan sì fi díẹ̀ lókè ju èkejì lọ, èyí tó lókè ni etí yóò ní ó dára jù. Etí gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwo ayé àtijọ́ máa ń wà nílẹ̀, ti òde òní máa ń pariwo. Tí ẹ kò bá tún ohùn fóònù ṣe kí wọ́n bára dọ́gba, Fadhili William ti pàdánù kó tó yanu. Ẹ gbé tirẹ̀ sókè, kí ẹ rẹ ti Boney M. sílẹ̀, títí ẹ ó fi rí i pé ohùn ẹni tó ń kọrin dọ́gba nínú méjèèjì.

Íápíìsì kan náà ni kí ẹ fi gbọ́ gbogbo wọn, níbi tí jẹnẹrétọ̀ kò ti ní máa bá yín dá sí i. Ẹ má sì fi àléébù ẹ̀rọ dá olórin lẹ́bi. Bí ohùn bá tín-ín-rín, tí ariwo tó dà bí òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bá wà lábẹ́ rẹ̀, ọjọ́ orí àwo ló fà á.

Ohun kan tún kù tí ẹ gbọ́dọ̀ bi ara yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ẹ̀dà wo ni mo kọ́kọ́ gbọ́ láyé mi? Èyí tí a bá kọ́kọ́ gbọ́ ló máa ń dà bí orin náà gan-an, tí gbogbo èyí tó bá tẹ̀lé e yóò dà bíi pé wọ́n ṣì í kọ. Èmi kò mọ oògùn rẹ̀ ju kí a mọ̀ pé ó wà lọ. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé yín, kí ẹ sì fi ṣe èyí tí ẹ ó gbọ́ kẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ibi tí ẹ ó dẹ etí sí

Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n kọrin. Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀kan dára, ọ̀kan kò dára. Ìgbà kejì ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

A ní láti tọ́jú etí Yorùbá wa kí ó má baà ṣì wá lọ́nà. Ọmọ Yorùbá tó bá ń gbọ́ orin máa ń gbọ́ bóyá ohùn orin bá ohùn ọ̀rọ̀ mu, torí tí olórin bá fi ohùn òkè sí ibi tó yẹ kí ó fi ti ìsàlẹ̀ sí, ọ̀rọ̀ ti di nǹkan mìíràn. Ohun tó ba ọ̀pọ̀ orin ìjọ tí wọ́n túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ nìyẹn, ohun tí àwọn bíi T. K. E. Phillips sì fi ṣe làálàá nìyẹn kí orin ìjọ lè bá ọ̀rọ̀ wa lọ. Swahili kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tó ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà. Olórin lè gbé ọ̀rọ̀ náà gòkè tàbí kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bó ṣe wù ú, ìtumọ̀ kò ní yẹ̀. Ohun tí èdè náà ní ni ìtẹnumọ́, ó sì máa ń bọ́ sórí sílébù kejì láti ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹ má wá ohun tí ẹ máa ń wá nínú orin Yorùbá. Ẹ gbọ́ bóyá olórin mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo, àbí ó kàn ń fi ẹnu gbé sílébù tẹ̀lé sílébù bí ẹni tó há nǹkan sórí.

Lẹ́yìn náà, ẹ dúró de ìlà owó. Ọmọkùnrin náà ní ó ti borí òun, torí òun kò ní ohun ìní. Ẹ gbọ́ ohun tí olórin ń ṣe níbẹ̀. Ṣé ó ń sọkún? Ṣé ó ń gbé ohùn rẹ̀ hàn? Ṣé ó yára kọjá bí ẹni tí ojú ń tì? Èyí tó ń dun èèyàn lóòótọ́, èèyàn kì í sábà pariwo rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí gbogbo ayé gbọ́ pé òun kò lówó, tó sì na ohùn sókè títí àwọn èèyàn fi pàtẹ́wọ́, ti gbàgbé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú orin náà.

Ẹ tún wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin ni, ọ̀dọ́ sì ni. Ó pe ara rẹ̀ ní ẹgbẹ́ ọmọbìnrin náà. Púpọ̀ nínú àwọn tó sọ orin náà di ńlá jẹ́ obìnrin, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Èmi kò rí àléébù níbẹ̀. Ọkùnrin wa náà ń sun ẹkún ìyàwó tó bá ń sọ ìtàn, obìnrin sì ń fi ẹnu ọkọ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín bóyá ohùn tí ẹ ń gbọ́ ń sọ ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin náà, àbí ó ń sọ ti ọmọbìnrin tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tí kò sì lè dáhùn. Àwọn ẹ̀dà kan wà tí mo ti ń gbọ́ èyí tó kẹ́yìn yìí, ó sì ń wọ̀ mí lára.

Ẹsẹ ẹyẹ kékeré kò gba àkókò. Tí olórin bá fò ó, ó ti dín orin náà kù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ kọjá lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan

Ti Hep Stars, ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, Benny Andersson tó di ọmọ ẹgbẹ́ ABBA lẹ́yìn náà sì wà lára wọn. Ìwúlò rẹ̀ fún yín ni pé yóò jẹ́ kí ẹ mọ bí ohùn orin náà ṣe lágbára tó: ó ṣì dùn lọ́wọ́ àwọn tí Swahili jìnnà sí. Ti Boney M. wà nínú àwo Boonoonoonoos. Frank Farian ló kó ẹgbẹ́ náà jọ ní Jámánì, iṣẹ́ wọn sì ni kí ara jí. Ó dára fún agbo. Ṣùgbọ́n nínú ohùn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí ara wọn, n kò rí ọmọkùnrin kan tó dá dúró.

Ti Belafonte àti Makeba gba pé kí ẹ jókòó dáadáa. Àwo náà gba ẹ̀bùn Grammy ní 1966 gẹ́gẹ́ bí àwo orin ìbílẹ̀ tó dára jù. Ìjọba Gúúsù Áfíríkà ti gba ìwé ìrìnnà Makeba ní 1960, wọ́n sì gba jíjẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1963 lẹ́yìn tó sọ̀rọ̀ níwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Títí di 1990, kò lè fi ẹsẹ̀ tẹ ilé. Tí mo bá gbọ́ ọ tó ń pe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó, mi ò lè mú ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lọ́kàn, èmi kò sì rò pé ó yẹ kí n mú un kúrò. Ohùn méjèèjì wọnú ara wọn lọ́nà tó ṣọ̀wọ́n. Àbùkù kan ṣoṣo tí mo rí ni pé ohùn méjì ni. Ẹni kan ló ń jìyà nínú orin yìí. Tí ẹni méjì bá jọ ń kọ ọ́, tí wọ́n jọ wà, ta ni ẹni tí kò sí níbẹ̀? Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ wá Makeba nìkan. Tó bá dá dúró, àánú orin náà tún padà síbi tó yẹ.

Angelique Kidjo jẹ́ ti wa ní apá kan. Orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n ti bí i, ìyá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ó sì ń kọrin ní Yorùbá, ní Fọn àti ní èdè mìíràn. Orin Makeba wà lára ohun tó gbọ́ dàgbà. Nítorí náà, nígbà tó kọ Malaika sínú Logozo, ọ̀dọ̀ Makeba ló ti gbà á. Swahili kì í ṣe èdè ìyá rẹ̀, kì í sì í ṣe èdè ìyá Makeba náà. Ohùn Kidjo lágbára, ó sì là. Ẹni tó fẹ́ràn ohùn tó ń kún inú yàrá, ibẹ̀ ni yóò dúró sí. Ohun tí mo ń gbọ́ nínú tirẹ̀ ni ẹni tí owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tẹrí ba.

Mo yan Fadhili William. Gìtá ló gbé orin rẹ̀ rìn, kò sáré, kò sì sọkún. Ó dé ìlà owó, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti ka owó náà tẹ́lẹ̀ tó sì mọ̀ pé kò pé, ó sì kọjá lọ sí ìlà tó kàn. Ibẹ̀ ni mo ti gbà á gbọ́. Ohùn Makeba dára ju tirẹ̀ lọ, kò sí ẹni tí yóò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹ ní kí n fi ọmọkùnrin tó wà nínú orin náà hàn yín, ọ̀dọ̀ Fadhili ni n ó mú yín lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ wá kọ ọ́ fúnra yín

Ẹ má yan lọ́jọ́ tí ẹ gbọ́ wọn. Ẹ pa fóònù, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ fún ọjọ́ mélòó kan. Orin náà yóò padà wá nígbà tí ẹ bá ń fọ abọ́ tàbí tí ẹ bá wà nínú ọkọ̀. Tó bá padà wá, ẹ kíyè sí i: ohùn ta ni? Tó bá jẹ́ ti ẹ̀dà tí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ láyé yín ni, ẹ tún dúró díẹ̀ sí i.

Tí tọkọtaya bá jọ ń yan, kí kálukú kọ tirẹ̀ sórí ìwé kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ló máa ń fa èkejì. Kò pọn dandan kí ẹ mú ọ̀kan náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ ẹsẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò le fún ọmọ Yorùbá. Fáwẹ́lì márùn-ún péré ni Swahili ní, bí wọ́n sì ṣe kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ohùn ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí èémí má baà tán níbi tí ohùn orin bá ti gòkè. Ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ sórí fóònù láìjẹ́ kí ẹ̀dà kankan máa kọ lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá gbọ́ ọ. Ẹ gbọ́ ibi tí ẹ ti mí, ọ̀rọ̀ tí ẹ fà gùn, àti bí ẹ ṣe sọ ìlà owó. Olórin kan nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló kọ́ yín ní àwọn ibi mímí yẹn. Tó bá yàtọ̀ sí orúkọ tí ẹ ti kọ sórí ìwé, ẹ pa tìwé rẹ́, kí ẹ kọ tirẹ̀ síbẹ̀.